Èèpo Ọ̀gànwó Ẹ̀yìnkùlé Mi ní Bódìjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ ẹ ti rí àgbàlagbà tí aláìsàn tọrọ èèpo igi lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wò ó lójú, tí ó ní òun kò fún un? Èmi kò rí irú rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí mo ti kọ́lé sí Bódìjà ni n kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mi. Igi ọ̀gànwó kan tí ó ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tí inú ń run, èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń wá gbà fún àgbo. Èmi fúnra mi ni mo sì ń fi àdá bó o, ní ojú ìlà-oòrùn àti ojú ìwọ̀-oòrùn, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti kọ́ mi. Bí wọ́n bá ń ṣàdúrà fún mi, orí mi a wú.

Nígbà òjò, ọmọbìnrin kan tí ó ń ṣe ìwádìí nípa igi ní yunifásítì wá já ewé rẹ̀ díẹ̀. Ó ní láti ara ewé ni wọ́n ti lè mọ ìran igi, bí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ mọ bàbá ọmọ. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó padà wá.

"Bàbá, gbogbo ọ̀gànwó tí mo já ewé wọn láti Agbowó títí dé Baṣọ̀run, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Wọ́n gbìn wọ́n ni. Tiyín nìkan ni kò bá wọn tan."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọ àlè ni tèmi nìyẹn?"

"Ó tì o, Bàbá! Tiyín ni onílẹ̀, àwọn yòókù ni àlejò. Igbó tó wà níbí kí ìlú tó dé, òun nìkan ni mo rí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Bó bá kú láìbímọ, ìran yẹn parẹ́ nìyẹn."

Orí mi wú bí ti ẹni tí wọ́n fi joyè. Àmọ́ òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí igi náà po, ó ń fọwọ́ pa ibi tí èèpo ti tán.

"Ta ló bó o báyìí?"

"Èmi ni."

Ojú méjèèjì tí mo ń bó ti fẹ̀ títí wọ́n fi pàdé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èèpo tó kù kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi méjì lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé abẹ́ èèpo ni oúnjẹ ewé ń gbà dé gbòǹgbò; bí èèpo bá tán yíká, ebi á pa gbòǹgbò, igi á sì kú. Èso wà lókè, ṣùgbọ́n kò tíì gbó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, títí èso á fi gbó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá kan fi pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti Baṣọ̀run. Ara ọmọ náà gbóná.

"Bàbá onínúure! Ìgbà wo ni ẹ̀yìnkùlé yín di báǹkì?"

"Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ìyá."

"Ibẹ̀ la ti ń bọ̀, wọ́n ti fún un lóògùn. Èèpo ló kù."

"Igi náà ń kú lọ ni."

"Igi kẹ̀? Ọmọ ni mo pọ̀n sẹ́yìn yìí o, Bàbá."

Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. N kò ṣí i. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ọlọ́run á wo igi yín sàn," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ara ọmọ náà yá.

Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé mo ti ń ṣahun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ipasẹ̀ lára ògiri. Ẹni tí ó fo ògiri wọlé ti bó gbogbo èèpo tó kù. Èmi tí mo ń bó o ì bá bu ìwọ̀nba. Ẹni tí kò ráyè tọrọ kò fi nǹkan kan sílẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Ó mú ẹni tí ó mọ igi gùn wá, a sì ká èso náà ní àìgbó. A gbin gbogbo hóró inú rẹ̀. Mẹ́ta ló hù. Igi náà kú kí òjò tó padà dé.