Ẹrù Orí Màmi àti Ẹ̀rù Inú Mi

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Lákòwé. Kì í ṣe pé wọ́n ń po kankéré nínú ilé wa o. Ìró tí Màmi máa ń ró lọ síbi iṣẹ́ ni, èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tí kò sí ọṣẹ tó lè fọ òórùn yẹn kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ti fi òrí pa ọrùn àti èjìká wọn, òórùn òrí á wá dà pọ̀ mọ́ ti sìmẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké nínú irà tó wà lẹ́yìn yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé.

Bí Màmi bá kírun àárọ̀ tán, wọn kì í tètè dìde lórí ẹní. Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n á di ojú. Àtàǹpàkò wọn á máa kan àwọn ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka nǹkan. Mo rò pé àdúrà ni. Bí mo bá pè wọ́n nígbà yẹn, wọn kì í dáhùn títí wọ́n á fi ṣe tán.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Màmi. Bàbá mi ló mú wọn wá sí Èkó nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ilé ń hù bí olú láti Ajah títí dé ẹ̀bá pápá gọ́ọ̀fù Lákòwé. Bíríkìlà ni Bàbá, ṣùgbọ́n wọn kì í gun ibi gíga. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù tiwọn, wọn kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù òkè ń ba àwọn. Màmi ló ń ru kankéré gòkè lọ́jọ́ dẹ́kìn, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kankéré sí àjà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ń gbọ́ ọ ni, mi ò fojú ara mi rí i rí.

Èmi náà fẹ́ràn òkè. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, kò sí ọmọ tó mọ ọ̀pá á fò tó mi nílé ìwé wa. Wọ́n á gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé orí òpó méjì, èèyàn á sáré wá, á fò ó kọjá, á balẹ̀ sínú yanrìn. Mo máa ń fo èyí tó ga dé àyà mi láìjẹ́ kó mì. Àǹtí Fúnkẹ́, tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá, máa ń kàn pàtẹ́wọ́ ni, wọ́n á ní, "Mulikat, ṣé o ní ìyẹ́ ni?"

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje ilé ìwé wa, tí àwọn òbí ti jókòó sábẹ́ kánópì, tí gbogbo ojú kọ sí èmi nìkan, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo sáré dé ìdí ọ̀pá, mo dúró gbagidi. Wọ́n ní kí n padà lọ tún un ṣe, mo tún dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó gbẹ̀yìn, mo sáré débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo lè gbọ́ ọ dáadáa tí mo bá dákẹ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, "Abẹ́-Ọ̀pá" ti di orúkọ mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Àǹtí Fúnkẹ́ pè mí, wọ́n ní èmi náà ni àwọn máa mú lọ síbi ìdíje àwọn ilé ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ní ilé ìwé ńlá kan lápá VGC, níbi tí àwọn olówó ń gbé. Mo délé, mo sunkún, mo ní mi ò lọ. Mo ní àìsàn á ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀wà ni Màmi ń ṣà lọ́wọ́, wọn kò gbójú sókè.

"Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n kò tíì ṣẹ́," ni wọ́n sọ. Wọ́n mú òkúta wẹ́wẹ́ kan nínú ẹ̀wà náà, wọ́n jù ú nù. "Lọ́jọ́ Sátidé, wàá tẹ̀ lé mi lọ síbi iṣẹ́."

Ilé alájà mẹ́rin kan ni, lápá Igbó Ẹfọ̀n. Wọ́n ti kan pákó mọ́ ọparun, ó dà bí afárá tó dagun láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n sì kan igi pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dì mú. Kò sí ohun tí ọwọ́ lè gbá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń po kankéré ń ké, fọ́rúmánì, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, ń pariwo, àwọn obìnrin tò tẹ̀ léra pẹ̀lú òṣùká lórí. Màmi ní kí n jókòó sórí òkìtì yanrìn kí n má sì kúrò níbẹ̀.

Bó ṣe kan Màmi, wọ́n gbé páànù kankéré lé wọn lórí. Wọ́n dé ìdí pákó, wọ́n dúró, kò ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Mo rí i tí wọ́n mí èémí kan jáde, tí ètè wọn sọ "Bísímílláì", tí ojú wọn lọ gúnlẹ̀ síbì kan lókè. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Páànù náà kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Pákó ń mì lábẹ́ wọn, orí wọn kò mì. Ìyá mi, tí aláǹgbá máa ń lé jáde nínú yàrá, ni mo rí láàárín òfuurufú yẹn. Mo gbàgbé láti pa ẹnu dé. Mo ń wò ó bíi pé mi ò mọ obìnrin náà rí.

Ìgbà karùn-ún tí wọ́n ń gùn ún ni ó ṣẹlẹ̀. Ìyá Rísí, obìnrin kan tó wà níwájú wọn, yọ̀ díẹ̀, páànù rẹ̀ dagun, kankéré sì dà sójú Màmi. Pákó mì jìgìjìgì. Gbogbo ìsàlẹ̀ pariwo, "Yéè!" Ìyá Rísí dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wo ilẹ̀, kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Èmi ti dìde lórí òkìtì yanrìn.

Màmi kò nu ojú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan di páànù mú, ojú wọn kan ṣoṣo ló là. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fọ́rúmánì ti ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ ọ.

"Ìyá Rísí, má wo ilẹ̀. Ibi tí à ń lọ là ń wò. Ṣé o rí irin pupa tó yọ lókè yẹn? Wò ó. Mí. Ó dáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo wà lẹ́yìn rẹ. Ẹsẹ̀ òsì."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì gòkè, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì, títí wọ́n fi dé orí dẹ́kìn. 

Nígbà tí Màmi sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fọ ojú, mo gbé omi fún wọn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń dà nù nínú kọ́ọ̀pù.

"Màmi, ẹ̀rù bà yín?"

"Ó bà mí. Ojoojúmọ́ ló ń bà mí."

Mo rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Ẹrù wà lórí mi, ẹ̀rù sì wà nínú mi," ni Màmi wí. "Mi ò lè kọjú sí méjèèjì pọ̀. Èyí tó wà lórí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọjú sí. Tí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá wá ráyè gbọ́ ti èyí tó wà nínú. Òun ló ń sọ tẹnu rẹ̀ yìí." Wọ́n wo ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ fún mi pé kì í ṣe àdúrà ni àwọn ń gbà lórí ẹní láàárọ̀. Pákó yẹn ni wọ́n ń fi ọkàn gùn. Ìgbésẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Wọ́n mọ èyí tó rọ̀ nínú wọn, wọ́n mọ ibi tí ìṣó ti yọrí. "Kí n tó kúrò nílé, mo ti gùn ún dé òkè lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ mi kàn máa ń wá tẹ̀ lé mi ni."

Láti ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì la jọ ń jókòó sórí ẹní, ojú dídì. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo máa ń sá kí n tó fò. Màmi á bi mí pé, "Kí lo rí?" Bí mo bá ní ọ̀pá ni, wọ́n á ní kí n padà sẹ́yìn kí n tún un sá. "Ọ̀pá kọ́ lò ń lọ bá. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?" Ó tó ọjọ́ mẹ́fà kí n tó rí ohun mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀pá.

Lọ́jọ́ ìdíje náà, Màmi kò lè wá, ọjọ́ dẹ́kìn ni. Fóòmù tó nípọn dé ìbàdí mi ni wọ́n tẹ́ dípò yanrìn, àwọn ọmọbìnrin yòókù wọ bàtà eré ìdárayá tó ní sóńsó lábẹ́, èmi nìkan ni mo wà láìwọ bàtà. Mo fo méjì àkọ́kọ́ kọjá. Wọ́n tún gbé ọ̀pá sókè sí i, mo gbá a ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan. Ẹnì kan láti ilé ìwé tiwa gan-an ló pariwo, "Abẹ́-Ọ̀pá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù bà mí débi pé etí mi ń hó. Mo dúró. Mo mí èémí kan jáde. Lẹ́yìn ọ̀pá, lẹ́yìn fóòmù, lẹ́yìn ògiri ilé ìwé náà, orí igi àgbọn kan wà. Mo gbé ojú mi síbẹ̀, mo sá ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án, mo gbéra. Ẹ̀yìn mi kan ọ̀pá. Nígbà tí mo balẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sórí fóòmù, mò ń wò ó bó ṣe ń gbọ̀n lókè mi. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dúró. Àǹtí Fúnkẹ́ ké tó bẹ́ẹ̀ tí gèlè wọn tú.

Mi ò lè fo èyí tó tẹ̀ lé e. Ipò kẹta ni mo gbà. Bàbá mú ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi káàkiri gbogbo ojúlé. Màmi kò béèrè ipò.

"Ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ó bà mí, Màmi."

"O wá lọ?"

"Mo lọ."

Wọ́n gbá mi mọ́ra pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lára wọn.

Iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ni mo ń ṣe báyìí. Àwọn òbí ń fi mọ́tò gbé ọmọ wọn wá bá mi ní Ajah. Mo ti lọ síbi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ṣàlàyé fún wa bí èèyàn ṣe ń fi ọkàn rí iṣẹ́ kó tó ṣe é, bí ó ṣe ń fi èémí tu ara rẹ̀ nínú. Mo jókòó síbẹ̀, omi ń dà lójú mi, ẹni tó jókòó tì mí rò pé ara mi ò yá. Màmi kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta.

Mo mọ orúkọ gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn lónìí, mo sì lè kọ́ni fún wákàtí méjì láìwo ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa darí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fún wọn lésì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mò ń wá àwáwí kiri. Ọmọ ọdún méjìlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò mọ orúkọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá pe èmi àtòun síwájú lónìí, òun ló máa kọ́kọ́ gbéra. Èmi á ṣì máa béèrè bí ibẹ̀ ṣe ga tó.