Ìró Ọwọ̀ Lọ́sàn-án Gangan Nínú Ọgbà Òdòdó Àbújá

Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì Ìsẹ́yìn, àpò aṣọ mi lẹ́sẹ̀, àpò ìrẹsì òfìfo kan lórí itan. Àpò òfìfo yẹn gan-an ni ìdí ìrìn àjò mi. Òdòdó ni mo fẹ́ fi gbé bọ̀ wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi Làmídì bíríkìlà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Kíláàsì kejì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé tán ni mo ń kọ́lé fún. Ní ọdún náà mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tèmi, mo sì ti kéde ní mọ́ṣáláṣí pé òdòdó tí ojú kan kò rí rí ní Ìsẹ́yìn ni n ó gbìn síwájú rẹ̀ kí a tó ṣílé. Alájì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi ti gbin òdòdó tó rà n'Ìbàdàn. Àràárọ̀ ló ń bomi rin ín kí n lè máa rí i. Àbúrò mi Múfútàù sì ni hẹ́dímáànù àwọn òṣìṣẹ́ ní ọgbà òdòdó kan l'Àbújá. Ibo ni ǹ bá tún lọ?

Ọ̀yọ́ ni mo ti wọ Píjò. Náírà méjìlá ni wọ́n gbà, iwájú ni mo sì jókòó sí, nítorí èmi kì í jókòó sẹ́yìn. Ọ̀nà dára títí dé Ìlọrin. Nígbà tí a gun afárá Jẹ́bà kọjá Odò Ọya, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà: igi ń kúrú, ilẹ̀ ń pọ́n, igi ẹ̀mí àti igi irú ló dá dúró káàkiri bí ẹni ń ronú. Ní Mọ́kwá, a jẹ iyán pẹ̀lú ẹja odò. Iyán wọn funfun ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ata kò sí nínú ọbẹ̀ wọn. "Sànnu" ni wọ́n fi ń kí ènìyàn níbẹ̀, bí àwa ṣe ń sọ pé "ẹ kú" tàbí "pẹ̀lẹ́". Ojú kan náà ni mo ti kọ́ ọ, mo sì fi kí gbogbo gáréèjì.

Awakọ̀ wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wo àpò mi títí. "Alàgbà, àpò òfìfo wo lẹ ń gbé lọ s'Àbújá? Ṣé owó ìjọba lẹ fẹ́ lọ dì bọ̀?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Òdòdó ni mo fẹ́ dì," ni mo dá a lóhùn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Òdòdó orí ilẹ̀ tí wọ́n kó onílẹ̀ kúrò? Bàbá, ẹ bi í kí ẹ tó fà á tu o."

Mo ní kó gbájú mọ́ ọ̀nà.

Àbújá ìgbà yẹn kò tíì jẹ́ ìlú. Títì fẹ̀ bí odò, ẹsẹ̀ ènìyàn kò sí lórí rẹ̀. Kàtàpílà ń ké níhìn-ín, eruku ń gòkè lọ́hùn-ún. Ilé onípákó ni Múfú ń gbé ní ọ̀nà Life Camp. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì mú mi lọ wo ọgbà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àárín àpáta méjì ni ọgbà náà wà. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Panṣẹ́kẹ́ ti tanná, ó pupa bí ẹni pé iná ń jó lórí igi láìní èéfín. Nílé wa, igi tí kò bá so èso, tí kò sì ṣe àgbo, a ó bi í pé kí ló wá ṣe. Níbẹ̀, wọ́n ń gbin igi kí ènìyàn kàn lè máa wò ó.

Ìsàlẹ̀ ọgbà ni mo ti rí tèmi. Igi kúkúrú ni, kò ga ju ìgbáròkó mi lọ. Kò ní ewé kan, síbẹ̀ òdòdó bò ó lórí, àwọ̀ rẹ̀ bí inú ẹnu ọmọ ọwọ́. Ìdí rẹ̀ wú róbótó bí ikùn ọmọ tó mu ọmú yó. Wọ́n tò wọ́n lọ lẹ́bàá ọ̀nà ní ìlà gígùn kan. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ti gbá yípo: kò sí ewé, kò sí òkúta, kò sí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn.

"Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ mọṣẹ́," ni mo wí.

Múfú mi orí. "Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe àwa la gbá a."

Ó ṣàlàyé fún mi. Kọngílá tó gba iṣẹ́ ọgbà náà ló ní kí wọ́n wá igi tó ti dàgbà, kí ọgbà lè tètè yọjú. Wọ́n bá lọ hú àwọn wọ̀nyí ní abúlé Gwárí kan tí wọ́n ti kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí apá Kubwa. Láti ìgbà náà, bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ọwọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀ ọgbà. Òṣìṣẹ́ méjì ti sá lọ. Àwọn tó kù, bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, ẹnu géètì ni wọ́n ń sá lọ jẹun.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ìyá wa wí nípa ọ̀sán gangan, pé ìgbà náà ni àwọn tí kì í ṣe ènìyàn ń rìn. Ṣùgbọ́n èmi rẹ́rìn-ín. "Ọwọ̀ lásán-làsàn lẹ ń sá fún? Lọ́la n ó dúró dè é. Ibẹ̀ gan-an ni n ó sì ti hú òdòdó mi."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n kó lọ sẹ́nu géètì, mo mú ṣọ́bìrì. Mo yan èyí tó sanra jù. Kò bá mi jà rárá, bí ẹni tí wọ́n ti jí lójú oorun rí. Gbòǹgbò kan já, oje funfun bí omi ọmú sì ń kán sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e sínú àpò, mo dì í.

Nígbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ ti dákẹ́. Òjìji mi ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ òdòdó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sì gbọ́ ọ.

Ṣàà. Ṣàà. Ṣàà.

Ohùn kan ń tẹ̀lé e, ohùn gbígbẹ: "Sànnu, Táńkò." Ṣàà, ṣàà. "Sànnu, Táńkò." Láti ìpẹ̀kun ìlà ló ti ń bọ̀. Igi ń yàtọ̀, orúkọ kò yàtọ̀.

Mo wò, ẹ̀yìn ènìyàn ni mo rí. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó tẹ̀ ba, ó ń gbá ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́ bó ṣe ń bọ̀. Ó dé ibi kòtò mi. Ọwọ̀ dúró. "Sànnu..." Kò parí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti fọwọ́ kan igi, ọwọ́ náà wọnú òfìfo. Ó wá yíjú sí mi. Ìyá arúgbó kan ni, ojú rẹ̀ kan funfun bí ẹfun.

Èmi kì í pariwo. Èyí tí Múfú gbọ́ tó fi sáré wá láti ẹnu géètì, ohùn mi ló ga.

Ìyá náà ń sọ̀rọ̀ láìdúró, Múfú tó gbọ́ Hausa sì ń túmọ̀. "Ó ní níbo lẹ gbé e lọ."

"Gbé ta ni?"

"Táńkò. Ọmọ rẹ̀."

Nínú ìdílé tirẹ̀, bí ọmọdé bá kú, ẹ̀ka igi yìí ni wọ́n ń gbìn lé e lórí, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á. Nígbà tó padà wá láti Kubwa láti gbá orí sàárè ọmọ rẹ̀, kòtò ló bá, tirẹ̀ àti ti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó tọ ipa táyà wá síbí, ó bá gbogbo wọn lórí ìlà.

"Ó ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ tòun mọ́," ni Múfú wí. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ọwọ́ yẹn náà ló hú wọn. "Ló fi ń pe gbogbo wọn ní Táńkò, kí tirẹ̀ má baà rò pé ìyá òun ti gbàgbé òun."

"Kí ló dé tó fi ń fẹ̀yìn rìn?"

"Ó ní a kì í fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí sàárè."

"Ọ̀sán gangan ńkọ́?"

Múfú bi í. Ó tẹjú mọ́lẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ìgbà yẹn nìkan ni àwa kì í sí níbí. Ó ní ẹ̀rù wa ń ba òun."

Mo wo àpò mi. Oje ti rin ín. Mo rántí ìkéde mi ní mọ́ṣáláṣí, mo rántí ẹnu Alájì. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ mi. Ó sì lè jẹ́ Táńkò gan-an. Inú yàrá ni a sin bàbá mi sí nílé wa. Bí àlejò bá ti ṣọ́bìrì bọ ibẹ̀ ńkọ́, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ wù ú?

Mo kúnlẹ̀, èmi Làmídì. Mo dá igi náà padà, mo sì fi ọwọ́ mi tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn bí mo ṣe ń tẹ ìpìlẹ̀. Ìyá náà bomi sí i láti inú igbá rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ tó wú. "Sànnu, Táńkò."

Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́ ẹ̀ka kan lórí rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Ó ní ẹ máa mú un lọ," ni Múfú wí. "Bó bá jẹ́ Táńkò ni, ó ti wù ú tipẹ́ kó rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbálẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa kí i."

Ìyá náà gbé igbá rẹ̀ lé èjìká. Àwọn obìnrin Gwárí kì í ru ẹrù lórí. Wọ́n ní orí ti níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu Yorùbá jáde. Ó fẹ̀yìn rìn lọ, ó ń gbálẹ̀, títí àpáta fi gbà á.

Mo padà sílé pẹ̀lú igi tín-ín-rín kan nínú àpò ńlá. Lórí afárá Jẹ́bà, mo bá ara mi tí mò ń sọ fún un pé odò rèé.

Alájì jáde wá wò ó níjọ́ tí mo gbìn ín. "Làmídì, igi ìdáná lo rìn dé Àbújá lọ ṣẹ́?" Wọ́n ṣílé mi níwájú igi ìdáná yẹn, mo sì gba ẹ̀rín náà mọ́ra. Ọ̀sán-ọ̀sán ni mo ń fẹ̀yìn gbá abẹ́ rẹ̀, èmi tí mo ní ọmọ mẹ́sàn-án tó lè gbálẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò náà sì kọ́ mi rèé: gbogbo ilé tí mo fi ń yangàn, n kò bi ilẹ̀ kan rí pé ta ló wà níbẹ̀ kí n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Nísinsìnyí, mo ń bi í.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì ó tanná. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ dá mi dúró. Oòrùn ti dé àtàrí kí n tó sáré délé mú ọwọ̀. Wọ́n ti gbá a. Yípo, mọ́ tónítóní. Ìyàwó mi ní òun kò jáde; àwọn ọmọ wà nílé kéú. Mo wá ojú ẹsẹ̀ títí, kò sí.

Mo rọra gbé ọwọ̀ mi sílẹ̀. "Sànnu," ni mo wí, "ìyá Táńkò."