Péjú Ò Lè Dúró De Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́

Nígbà ogun ní Monrovia, ní Làìbéríà, ìjọ Yorùbá tí Péjú wà máa ń kó ara wọn jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ wá ìrẹsì ní èbúté Freeport. Ẹgbẹ́ mà dáa o! Bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ Bàbá Gbọ́lá bá yọ, gbogbo yín á dúró. Bí pásítọ̀ bá rí òkè, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ gbàdúrà, àfi bí ẹni pé òkè ọ̀hún á tẹ́jú.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ Péjú ò tíì jẹun láti àná. Péjú ní, "Pásítọ̀, kí ẹ tó ṣe àmín, ìrẹsì á ti tán." Ló bá já wọn sílẹ̀.

Ní géètì èbúté, sójà Nàìjíríà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dá a dúró. "Ìwọ nìkan? Ta ló mọ̀ ẹ́?"

"Ọmọ Yorùbá bíi yín ni mí, ẹ̀gbọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo amí ń wí. Jókòó síbẹ̀!"

Inú oòrùn ló wà títí orin ìjọ fi dún lókèèrè. Sójà rẹ́rìn-ín, ó ṣí géètì: "Àwọn èèyàn wa ti dé!"

Bàbá Gbọ́lá ní, "Sísítà Asáré, o ti bá wa gba tiwa?"

Wọ́n bá ìrẹsì díẹ̀, Péjú rí tiẹ̀ gbà. Bí ṣéènì ṣe tún yọ lọ́nà ilé, òun ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ní:

"Pásítọ̀, ẹ ò ní gbàdúrà ni?"