Ọjọ́ Tí Rábíù Yan Gàrí Tí Kò Tíì Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ìjẹ̀bú-Òde nítorí gàrí. Bẹ́ẹ̀ ni, gàrí! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ń ṣe gàrí nígbà náà lẹ́yìn ilé bàbá wa, Alhaja kan ló sì máa ń wá kó o lọ tà l'Ékòó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gàrí Ìjẹ̀bú, ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín pé kíkan ló fi ń jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú? Tí a bá rin ẹ̀gẹ́ tán, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan dáadáa. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ máa ta búrẹ́dì!

Àbúrò mi ọkùnrin, Rábíù, ló ń bá mi ṣiṣẹ́ náà. Lọ́dún tó ṣáájú, àìsàn ọpọlọ kọ lù ú. Kò sùn mọ́, ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ kan ó kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sáàárín àgbàlá, ó dáná sun ún. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta, wọ́n tọ́jú rẹ̀, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ó padà wálé pẹ̀lú oògùn tó ń lò láràárọ̀, kì í sì í fi oògùn yẹn ṣeré rárá.

Ara rẹ̀ yá débi pé ó tún rí ìyàwó! Mùníràtù lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Alhaji kan tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa. Alhaji ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n òun á ṣì máa wo Rábíù ná. Ẹ ò rí i pé gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gbé ni wọ́n ń wò!

Nílé tiwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bá Rábíù wí mọ́. Tó bá fọ́ abọ́, ìyá wa á ní ká fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Tó bá jẹ ẹran inú ọbẹ̀, wọn á ní ká má sọ̀rọ̀, kí àìsàn má baà padà. A sọ ọmọkùnrin gìrìwò di ẹyin!

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìbátan wa kan bímọ ní Ìbẹ̀fun, mo ní láti lọ bá wọn ṣe ìkómọ. Mo fi àpò gàrí sílẹ̀ lábẹ́ òkúta, kò tíì kan rárá. Mo sọ fún Rábíù pé kó máa ṣọ́ ọ, tó bá kan tán ni kó yan án. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti yan gbogbo rẹ̀, Alhaja sì ti wá kó o lọ. Ó ti mọ̀ mí, kì í tọ́ tèmi wò kó tó rà á. Mo ń yin Rábíù bí ẹni ń yin ọkọ ìyàwó.

Ìdùnnú mi ò pẹ́. Alhaja padà dé láti Èkó, ó sọ àpò kan kalẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n bu gàrí rẹ̀ sómi kí n mu ún. Mo bù ú, mo fi sẹ́nu. Áà! Kíkan tí mo mọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, ohun kan ló kàn ń ta mí láhọ́n, tó sì ń korò díẹ̀díẹ̀. Alhaja ní àwọn oníbàárà òun ń bi òun pé ìlú wo lòun ti lọ ra èyí. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni orí rẹ̀ pé tó máa yan gàrí tí kò kan? Ohun tí gbogbo ilé ń bi ara wọn nìyẹn. Ìyá wa bú sẹ́kún, ó ní àìsàn yẹn ti padà. Èmi náà ń béèrè bóyá Rábíù lo oògùn rẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa, ní òun ò tún ní dúró de Abẹ́òkúta kankan, òun mọ ẹnì kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ń tọ́jú irú wọn. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n fi ń de èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀! Ó ti ní kí wọ́n lọ pe onímọ́tò wá. Ibi tí a ti ń pariwo ni Alhaji, bàbá Mùníràtù, ti wọlé, ojú rẹ̀ le koko.

Tí wọ́n bá fi lè gbé Rábíù lọ síbẹ̀, ìyàwó ti lọ nìyẹn, bóyá ayé rẹ̀ náà sì ti lọ.

Rábíù fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Ó jáde síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àìsàn. Nígbà tí mo sun aṣọ mi, àìsàn ni, ẹ̀yin lẹ sì gbà mí, mo dúpẹ́. Àmọ́ gàrí yìí, èmi Rábíù ni mo ṣe é, ojú mi sì là kedere."

Bàbá Kékeré ní kò sí wèrè tó máa ń gbà pé òun ya wèrè. Ni Rábíù bá kúkú tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa fẹ́ bá àwọn ará Òdogbolu gbá bọ́ọ̀lù, òun ló sì ń ṣọ́ gólì. Tí òun bá dúró kí gàrí kan, ọjọ́ bọ́ọ̀lù gan-an lòun á máa yan án. Òun gbóòórùn rẹ̀, òun mọ̀ pé kò tíì kan. Ni òun bá lọ já ọsàn wẹ́wẹ́, òun fún un sí i kó lè dà bí èyí tó kan!

Ọsàn wẹ́wẹ́! Nínú gàrí Ìjẹ̀bú! (Gólì mẹ́rin ni wọ́n sì gbá wọlé Rábíù lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù ọ̀hún o!)

Alhaji ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí gàrí kan, tó sì mọ ọ̀nà tó máa fi tan odidi Alhaja jẹ, ta ló ní orí rẹ̀ ò pé? Ó ní ọ̀lẹ ni, òun sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ̀lẹ sọ́nà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ máa fara pamọ́ sẹ́yìn àìsàn nígbàkigbà tó bá ṣẹ ọmọ òun, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lòun ò ní gbà ní àna, ṣùgbọ́n Rábíù ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Bàbá Kékeré wá rọra ní kí wọ́n lọ sọ fún onímọ́tò pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Èmi ńkọ́? Ìgbà yẹn gan-an ni inú wá bí mi! Mo fa igbá tí mo fi ń yan gàrí yọ, mo lé Rábíù yí kànga po. Ìyá wa ń kígbe pé kí n rọra, ara rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Mo ní ara rẹ̀ ti yá tipẹ́! Rábíù ń sá lọ, ó ń rẹ́rìn-ín gan-an.

A ní kó ṣe òmíràn dípò rẹ̀, láti orí bíbó títí dórí yíyan, kó sì gbé e lọ bá Alhaja l'Ékòó fúnra rẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ṣe é, kò sì ráhùn. Ibi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo ti bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà tí mo fẹ́ fi igbá là á lórí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àǹtí mi, láti ìgbà tí mo ti dé láti Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó bínú sí mi rí. Ọjọ́ tí ẹ lé mi yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti padà sílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi, mi ò ní parọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, tó bá jẹ́ àìsàn ló fà á, ẹ má dá onítọ̀hún lẹ́bi, ẹ bá a wá ìtọ́jú, ẹ má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń de èèyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé òun ló ṣe é, ẹ bá a wí, kó sì tún un ṣe. Àpọ́nlé ni ìyẹn náà. Mùníràtù tó pàpà fẹ́ ẹ gan-an kì í gbà fún un títí dòní!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà nílé yín tí ẹ ò bá wí mọ́ láti ìgbà tó ti ṣàìsàn? Ẹ kọ tiyín síbí, ká jọ gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde lọ bínú sí i díẹ̀ ná!