Ẹṣin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Gùn

Ní Kochkor, ìlú orí òkè tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ẹṣin, bí ẹṣin bá ṣubú, ènìyàn méjì ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè: dókítà ẹran àti ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú. Mùsùlùmí kì í jẹ òkú ẹran, nítorí náà ọ̀bẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Nurkamal, dókítà ẹran wọn, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fokùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń wà, ó sì máa ń ka ìwádìí tuntun lórí fóònù bí ẹlòmíì ṣe ń ka òfófó.

Nígbà ìkórè tó kọjá, Zuura, opó Kasymaly, ránṣẹ́ sí i. Ẹṣin pupa tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ń yí mọ́lẹ̀, inú ń rún un. Ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ti gé ìrù ẹṣin náà, àmì pé ti òkú ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún títí di ọjọ́ àsè ọdún olóògbé, tí wọn yóò pa á fún àlejò kí ẹni tó kú náà lè rí nǹkan gùn lọ́run. Àsè ku ọ̀sẹ̀ kan.

Mambetaly, àbúrò olóògbé, ti dúró níbẹ̀ tòun tọ̀bẹ. Nurkamal yẹ ẹṣin náà wò, ó ní ìfun rẹ̀ ti lọ́, iṣẹ́ abẹ kíákíá nìkan ló lè gbà á. Ó sì sọ èyí tó kù: oògùn tí òun máa fi mú un sùn yóò wọ inú ẹran rẹ̀, wọn ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́ láéláé.

Mambetaly ní, “Dókítà fẹ́ gba ẹṣin là lọ́wọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ n pa á báyìí.”

“Tó bá dé nírọ̀lẹ́ tí kò bá a lórí ìso,” Zuura dáhùn, “kí ni kí n sọ fún un?”

Mambetaly bi í pé ta ló ń dé. Zuura yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí Nurkamal bẹ̀rẹ̀.

Orí ọ̀rá fífẹ̀ tí wọ́n tẹ́ sínú abà koríko ló ti ṣe é. Ìfun tó fà jáde ti dúdú bí ẹ̀dọ̀. Nílé ìwé, wọ́n kọ́ ọ pé gígé ni kí wọ́n gé irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kà nínú ìwádìí tuntun pé kì í ṣe gbogbo ìfun dúdú ló ti kú, àti pé gígé òun rírán náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó tú ìlọ́po náà, ó da omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó dúró. Bó ti ń dúró, etí ẹṣin tó sùn náà yí sápá ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Nurkamal sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn ló fà á. Nígbà tó yá, ìfun náà pọ́n díẹ̀, ó mira. Kò gé e. Ó rán ikùn pa dé.

Ẹṣin yè. Abo ẹṣin Mambetaly ni wọ́n pa fún àsè. Àlejò jẹ, wọ́n lọ, ẹṣin olóògbé sì dúró lórí ìso.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí Nurkamal wá tú okùn ọgbẹ́, ó rí i tí ẹṣin náà fẹ̀gbẹ́ sí òkúta tí Kasymaly máa ń gùn kó tó gorí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró gan-an, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Nurkamal ní ìrora ikùn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òógùn bo ẹṣin náà lára, kò sì ní ibà.

Zuura bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé ọgbẹ́ yìí ti lè gbé ènìyàn?”

Ó ní rárá, ikùn lè ya, ó ku oṣù bíi mélòó kan.

“Mo ti sọ fún un. Kò gbọ́ tèmi. Bóyá tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, á gbà.”

Nurkamal gbé àpò rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó kọjú sí òfìfo tó wà lórí ẹ̀yìn ẹṣin.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ẹ dúró kí yìnyín yọ́ ná.”

Ó ní torí kí obìnrin náà lè sùn lòun ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń lọ yẹ ẹṣin náà wò, àmọ́ kì í lọ nírọ̀lẹ́ mọ́.