Ọjọ́ tí Bàbá Hosea Jáde Láàárín Eré

Miriam Ọmọ́tọ́ṣọ́ kì í sùn dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn bá fẹ́ lọ wo eré. Òun fúnra rẹ̀ ló dá àṣà náà sílẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni, agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé Muchia ní Zaria. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ilé wá dákẹ́ jù, ó sọ fún àwọn ará Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ pé ìpàdé tí a kàn ń jẹran, tí a ń jà sí àga, ti sú òun. Ó ní, ẹ jẹ́ ká máa kó ara wa lọ wo eré orí ìtàgé, kí àwọn ọmọ wa tí Hausa nìkan yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè gbọ́ Yorùbá tí kì í ṣe ti ìyá tó ń bá wọn wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Kaduna ni wọ́n ń lọ, èèyàn méjìlélógún nínú bọ́ọ̀sì kan. Aago kan ọ̀sán ni eré máa bẹ̀rẹ̀. Mùtíù awakọ̀ ti là á mọ́lẹ̀ láti àárọ̀.

"Mọ́mì, aago mẹ́rin ni mo máa ṣáná sọ́kọ̀. Ẹ mọ bí àwọn ajínigbé ṣe pọ̀ lọ́nà yìí. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá wa níta."

Èyí nìkan ti tó kó ìdààmú báni, àmọ́ ohun mìíràn tún wà lọ́kàn Miriam. Lálẹ́ àná, Olúwakẹ́mi, dókítà kan tó ń gbé Hanwa, pè é nítorí bàbá rẹ̀, Bàbá Hosea, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gyellesu la ti rí wọn, wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú yín."

"Dókítà, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa jókòó sí," ni Miriam fèsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Nínú gbọ̀ngàn, ó jókòó ti Bàbá Hosea, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ kan apá rẹ̀ kó lè mọ̀ pé bàbá náà ṣì wà níbẹ̀. Eré ń lọ. Bàbá arúgbó kan wọlé sórí ìtàgé, ó wọ bàtà sí ọwọ́, ó ń wá bàtà kiri. Ó pe ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ ewúrẹ́ ilé. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Miriam rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Nígbà tó fi máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga ti ṣófo.

Ó rọra dìde, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó tẹ fóònù bàbá náà láago. Abẹ́ àga ló ti ń dún, àwọn èèyàn ń pòṣé sí i. Ó sáré lọ sí ilé ìtọ̀, ó ní kí ọkùnrin kan bá òun wo inú rẹ̀. Kò sí ẹnìkan. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó rí títì ńlá tó wà níwájú gbọ̀ngàn, ó rí àwọn tírélà tó ń sáré lórí rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn Olúwakẹ́mi: ẹ má jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú yín.

"Tsoho? Ya fita," ni maigadi wí lẹ́nu ọ̀nà, pé arúgbó kan jáde lóòótọ́. Ó nawọ́ sí òdìkejì títì.

Miriam pe Mùtíù, àwọn méjèèjì sọdá. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ onírèké, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Wọ́n gba ọ̀nà kan, wọ́n padà, wọ́n gba òmíràn. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù kí Miriam tó rí i lórí bẹ́ǹṣì mai shayi, alátíì kan, ó gbá ife tíì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá! Ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí!"

"Sístà Miriam, jókòó."

"Mo rò pé ẹ ti sọnù ni!"

"N kò sọnù. Mo sọdá, mo yà sí ọ̀nà kejì, mo ka ilé mẹ́ta, mo jókòó kí n má baà ṣìnà."

"Kí ló wá lé yín jáde?"

Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Gbogbo yín ń fi ọkùnrin orí ìtàgé yẹn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn tìrẹ náà. Sístà, lánàá mo pe Olúwakẹ́mi ní orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó dá mi lóhùn, ó ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Miriam jókòó tì í.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló sọ. "Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́."

"Eré náà dùn. Ara mi ni kò gbà á."

Mùtíù wúkọ́, ó wo aago.

Àwọn yòókù ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Miriam kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, méjìlélógún. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí Olúwakẹ́mi fi pè. Irọ́ kan ti wà lẹ́nu Miriam, pé Bàbá ń sùn, pé kò sí wàhálà. Ó wo bàbá náà, ó sì sọ òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí dé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ fún wọn ní fóònù," ni Olúwakẹ́mi wí.

Miriam kọjú sí fèrèsé. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu Bàbá kò ju "Mo mọ̀, ọmọ mi, má sunkún" lọ. Ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ó ń wo gbogbo ọlọ́kadà tó sún mọ́ wọn, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ títí wọ́n fi wọ Zaria kí oòrùn tó wọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún lọ, Olúwakẹ́mi pe Miriam, ó ní kí wọ́n fi àyè méjì sílẹ̀, òun náà ń bọ̀. Bàbá Hosea gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sístà, kí ni eré ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lé lórí?"

Miriam ti lọ bi àwọn òṣèré náà tẹ́lẹ̀. "Ìyàwó méjì tó ń jà sí kànga ni, Bàbá."

"Ó dáa. Fi mí sítòsí ẹnu ọ̀nà."