Ibi Tí Ìyá Mi Ń Rẹ Ẹ̀gẹ́ Sí

Ní Òkìtìpupa, odò ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni àwọn ìyá wa máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ púpurù sí. Olúkúlùkù ló ní àyè tirẹ̀. Wọ́n á kó ẹ̀gẹ́ bíbó sínú agbọ̀n, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ rì, ó di ọjọ́ kẹrin tó bá ti rọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sílé lọ mọ roboto, kí wọ́n sì yan án di púpurù. Ẹnikẹ́ni kì í gbé agbọ̀n rẹ̀ sí àyè ẹlòmíì láìtọrọ. Títí di òní tí mo ti gboyè yunifásítì, tí mò ń dúró de lẹ́tà iṣẹ́ tí kò dé, bí òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan bá ta sí mi nímú, omi á lé sí mi lójú. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó jọ ayọ̀, ó tún jọ ìtìjú. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdún tí mo wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù, ẹ̀ẹ̀rùn pẹ́ gan-an. Bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀ báyìí, ìyá mi wú gbogbo ẹ̀gẹ́ tó kù lóko, ó rẹ ẹ́ sódò. Púpurù yẹn ni n óò gbé lọ jẹ níléèwé tí mo ń sùn sí. Kò sí òmíràn. Òjò tún rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dípò kí odò kún, ńṣe ló ń fà.

Lọ́jọ́ kejì tó rẹ ẹ́, mo lọ pọnmi, mo bá agbọ̀n wa lórí ẹrẹ̀, eṣinṣin ti bò ó. Ìyá mi ti lọ ọjà Igbódìgò. Ibì kan ṣoṣo tí omi ṣì jìn ni àyè ìyá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Mo wọ́ agbọ̀n wa lọ síbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. N kò tíì gòkè odò tó fi dé.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Omi ti sá lábẹ́ rẹ̀."

"Omi sá, ìwọ náà sá wọ yàrá oníyàrá. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níléèwé nìyẹn?"

Mo bú sẹ́kún. "Òjò ṣáà ti rọ̀, Màmá! Kí ló dé tí odò ò kún?"

Ó wo apá òkè, níbi tí wọ́n ti gé àwọn igi ògùrọ̀ tí wọ́n sì kọ́lé tuntun. "Òùngbẹ ti ń gbẹ ilẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ mu tirẹ̀ yó. Ojú ibi tí odò sì ti ń sun, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí i." Ó ṣẹ́jú sí mi. "Má gbé e kúrò. Ìwọ náà má kúrò. Dúró tì í títí ìyá rẹ á fi wá tọrọ."

Mo dúró nínú omi títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi dé, ó kúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ níwájú ìyá arúgbó náà, ó pè é ní ìyá ní èdè ìlú wa.

"Ẹ dákun, Ìye, ẹ fún mi láyè."

"Ẹ̀gẹ́ rẹ ti ń sùn ti tèmi láti àárọ̀, ìsinsìnyí lo ń kan ilẹ̀kùn!" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, agbọ̀n obìnrin márùn-ún ló wà nínú àyè ìyá arúgbó náà, gbogbo wọn ló tọrọ. Mo gbé púpurù mi lọ síléèwé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, odò ti fà jù, inú dùrọ́ọ̀mù lẹ́yìnkùlé ni kálukú ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún nílò láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.